Ẹ Dá Akọ Yẹn Padà Lónìí: Ìdáhùn fún Ìyá Kan Tó Ń Sin Bọ́jì ní Àkúrẹ́

Ìyá kan láti Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, ló kọ̀wé sí mi. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sin ayékòótọ́ kéékèèké méjì, irú èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní bọ́jì, akọ kan àti abo kan. Abo yé ẹyin 6 sínú àpótí ìyé rẹ̀, mẹ́rin ti pa. Àkọ́bí ti pé ọjọ́ 13, èkejì ọjọ́ 11, ẹ̀kẹta ọjọ́ 9, àbígbẹ̀yìn ò ju ọjọ́ 5 lọ. Ẹyin kẹrin àti ẹ̀kẹfà ṣì wà níbẹ̀, wọn ò pa. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyí:

“Mo rí i tí akọ ń wọ inú àpótí, tó ń ki àgógó bọ àwọn ọmọ lẹ́nu, tó ń gbọn orí wọn jìgìjìgì. Ìyá ọkọ mi ní kí n tètè yọ ọ́ kúrò, pé àkùkọ kì í tọ́mọ, pé yóò ṣá wọn pa. Mo gbé e sínú kéèjì mìíràn lánàá. Láti àárọ̀ yìí ni àbígbẹ̀yìn ò ti lè gbórí dáadáa. Ṣé kí n máa fi síríǹjì fún un ní ògì? Ṣé kí n da ẹyin méjì yẹn nù? Aládùúgbò mi tún ní bí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, ìyá wọn á kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Orí fìríìjì ní kíṣìnì ni kéèjì wà. Ọmọ mi àgbà sì ti ṣèlérí ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé.”

Ẹ kú ìtọ́jú o, ìyá wa. Kí ẹ tó ka ìyókù ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ lọ dá akọ yẹn padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kéèjì, ẹ jẹ́ kó wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì jókòó níbi tí ẹ ti lè máa wò wọ́n fún bí ìdajì wákàtí. Bí abo bá pariwo mọ́ ọn díẹ̀, ẹ má ṣèyọnu. Ilẹ̀ kan péré ló ti ṣú sí i níta, wọn ò tíì gbàgbé ara wọn. Bó bá ti ń bì oúnjẹ sí abo lẹ́nu, tàbí tó ń lọ yọjú lẹ́nu ihò àpótí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ wá padà wá ka èyí tó kù.

Mi ò sọ pé màmá parọ́. Ohun tí wọ́n fojú rí láti kékeré ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àkùkọ rí: ó gun abo tán, ó bá tirẹ̀ lọ, kò mọ iye ọmọ tí òun bí. Ṣùgbọ́n òròmọdìẹ ò nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá jáde ló ti ń rìn, tó ti ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀, iṣẹ́ ìyá kò ju kó mú un kiri kó sì fi ìyẹ́ bò ó lọ. Ọmọ bọ́jì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìhòòhò ló ń jáde, ojú rẹ̀ á dì pa, kò ní wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ, kò sì lè ṣa hóró kan fúnra rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Gbogbo ohun tó bá wọ inú rẹ̀, láti ẹnu òbí ló ti wá. Bí màmá bá ti sin ẹyẹlé rí, ẹyẹlé ni kí ẹ fi ṣàlàyé fún wọn, nítorí akọ ẹyẹlé àti abo rẹ̀ ló jọ máa ń bì oúnjẹ sọ́mọ lẹ́nu. Wọ́n á gbọ́ ọ yé.

Bí iṣẹ́ ṣe pín nínú àpótí yẹn nìyí. Láti ìgbà tí abo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, fún bí ọjọ́ 18 tí ẹyin kọ̀ọ̀kan fi ń gbóná kó tó pa, òun nìkan ló ń jókòó lé e. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, àfi tó bá fẹ́ yàgbẹ́ tàbí tó fẹ́ na ara. Akọ ló ń lọ jẹun, tó ń gbé e wá, tó ń bì í fún un lẹ́nu ihò. Nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ jáde, abo ló ń fún un ní oúnjẹ olómi kan tó ń ti inú ara rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ohun tí akọ bá gbé wá ló fi ń ṣe é. Bí àwọn ọmọ bá ti ń dàgbà, akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fúnra rẹ̀. Ibi tí tiyín dé nìyẹn. Àgógó tó ń kì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, orí wọn tó ń gbọ̀n, oúnjẹ ló ń fún wọn. Ó le lójú ẹni tí kò bá rí i rí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Abo náà tún máa ń yí àwọn kéékèèké, á fi ẹ̀yìn wọn lélẹ̀ kó tó fún wọn lóúnjẹ, ẹlòmíì á ní ó ń pa wọ́n.

Nígbà tí ẹ yọ akọ, ẹ fi abo kan ṣoṣo sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Òun ni yóò jáde lọ jẹun, òun ni yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ọyẹ́ yìí, òun náà ni yóò fún gbogbo wọn jẹ. Àwọn mẹ́ta àgbà lágbára ọrùn, wọ́n ń na orí sókè, wọ́n ń ké. Ọlọ́jọ́ márùn-ún ò lè bá wọn du nǹkan. Mi ò rí i lójú, àmọ́ bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ yìí, ebi ni mo gbà pé ó ń bá a jà, kì í ṣe àìsàn.

Ṣé ìgbà kan wà tó yẹ kéèyàn yọ akọ? Ó wà. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ, tàbí tí ẹ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń fi àgógó wọ́ ọmọ nápá, tàbí tí òun àti abo bá ń ja ìjà tó lágbára nínú àpótí, ẹ yà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n sọ tinú mi: nínú ilé bọ́jì, abo ni mo máa ń fura sí ju akọ lọ. Abo ló máa ń ní ìbínú lórí ọ̀rọ̀ àpótí. Bí ẹ bá ní abo mìíràn nínú kéèjì kan náà, ẹ tètè gbé e jáde, nítorí abo àjèjì lè wọlé lọ pa gbogbo ọmọ. Ẹ ò sọ bóyá ó wà.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ ò fi dọ́gba, nígbà tó jẹ́ pé òròmọdìẹ máa ń jáde pọ̀ lọ́jọ́ kan. Abo bọ́jì máa ń yé ẹyin kan ní ọjọ́ méjì-méjì, á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sàba láti orí ẹyin àkọ́kọ́ tàbí èkejì. Nítorí náà bí wọ́n ṣe tò wọlé ni wọ́n ń tò jáde. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ẹyẹ yìí ti wá, láti àárín orílẹ̀-èdè náà níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí òjò kì í ní àkókò. Bí òjò bá rọ̀ tí koríko so hóró, wọ́n á yára yé. Bí oúnjẹ bá pọ̀, gbogbo ọmọ á yè. Bí kò bá pọ̀, àbígbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, àwọn àgbà á sì yè. Ìṣe tí wọ́n gbé wá láti aṣálẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì tíì fi sílẹ̀ láti 1840 tí John Gould ti kó wọn láàyè dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Òkè-Àró tí jéró wà nínú agolo ní gbogbo ìgbà, kò sídìí tí àbígbẹ̀yìn fi gbọ́dọ̀ kú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọmọ náà. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ pa á gbẹ, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò yín sọ pé ìyá á kọ̀ ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́jì tó ti mọ́ èèyàn lára kì í tìtorí pé ẹ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń sìn wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ máa ń wo inú àpótí lójoojúmọ́. Ẹ kàn dúró kí abo jáde fúnra rẹ̀, ẹ má fà á jáde.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fọwọ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Bó bá tutù, ẹ má tíì ronú oúnjẹ rárá. Ọmọ ẹyẹ tí ara rẹ̀ tutù kò lè da oúnjẹ, ńṣe ni yóò kan sínú ọrùn rẹ̀. Ẹ pa ọwọ́ méjèèjì dé lé e, tàbí kí ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sínú abọ́ kékeré, kí ẹ gbé abọ́ náà lé ike omi gbígbóná tí ẹ ti fi táwẹ́ẹ̀lì wé, títí ara rẹ̀ á fi padà gbóná tó sì ń mira. Ohun kejì ni àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí, ó wà níwájú, ní ìsàlẹ̀ ọrùn. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa rí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ẹ wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹ lè mọ bí àpò tó kún ṣe ń rí, kí ẹ wá wo tirẹ̀. Bó bá ṣófo pátápátá tí awọ rẹ̀ hunjọ, kò tíì jẹun. Àkókò tó ṣe pàtàkì jù láti wò ó ni ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ohun tó bá wà nínú àpò yẹn ló máa gbé e dé òwúrọ̀.

Bí akọ bá ti padà, tí ara ọmọ sì gbóná, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju síríǹjì lọ. Ẹ kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta jáde sínú abọ́ tí ẹ tẹ́ aṣọ sí, ẹ bò wọ́n kí òtútù má mú wọn, fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn tí àwọn òbí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Òun nìkan ni yóò wà nínú àpótí nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wọlé. Ìyá tí kò bá rí ẹlòmíì tó ń ké, á fún ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, títí yóò fi lókun. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò, ẹ máa wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tó bá ń gòkè lójoojúmọ́ ni ẹ fẹ́ rí, bó ti wù kó kéré mọ. Ọjọ́ tí kò bá gòkè, ẹ tún fọkàn sí i.

Ògì ńkọ́? Rárá. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe ògì: a rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a da èérí fún ewúrẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí í mú ara dàgbà ti bá èérí lọ. Ohun tó kù kò lè gbé ẹ̀dá tó fẹ́ kúrò ní gíráàmù 2 dé 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù kan. Ó tún máa ń kan kíákíá nínú àpò ọrùn yẹn. Síríǹjì fúnra rẹ̀ lẹ́wu lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì lò ó rí, nítorí ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà nídìí ahọ́n níbẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ jù, ẹ̀dọ̀fóró ni omi ń lọ, ọmọ náà ò sì ní pẹ́ kú.

Bí ó bá di dandan kí ẹ fún un lóúnjẹ, ìyẹn bí ẹ bá ti dá akọ padà, tí ẹ ti kó àwọn àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àpò rẹ̀ sì ṣófo síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ayékòótọ́. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹyẹ ní Èkó àti Ìbàdàn máa ń tà á, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ fi omi tó ti hó pò ó, kó máa ṣàn ṣùgbọ́n kó má dà bí omi lásán. Ìwọ̀n ooru 38 sí 40 Celsius ló yẹ kó wà, tẹmómítà tí ẹ fi ń wo ibà ọmọ lè sọ ìyẹn fún yín. Bó bá gbóná jù, á bó inú ọrùn rẹ̀, ojú ìbó yẹn a sì máa lu. Bó bá tutù jù, kò ní dà. Ẹ tẹ etí ṣíbí kékeré kan wọlé sí méjèèjì kó dà bí ọ̀nà omi, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀, kí ó máa fà á fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ má mú un sọ́dọ̀ ara yín torí àánú. Ibi tó gbóná jù fún un nínú ilé yín ni abẹ́ ìyá rẹ̀.

Níbi tí ó yẹ kí owó àti wàhálà yín lọ ní tòótọ́ ni oúnjẹ àwọn òbí. Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun láti ẹnu wọn. Jéró gbígbẹ nìkan ò tó mọ́. Ẹ ra jéró tó mọ́ lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ta ọkà, ẹ rọra fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wò ó bóyá òólá wà nínú rẹ̀ tàbí ó ní oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára. Bó bá ń run oògùn, ẹ má rà á. Ẹ rẹ díẹ̀ sómi ní alẹ́, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọjọ́ kejì títí yóò fi yọ orí funfun bíńtín, ìgbà yẹn ló dùn ún fún ọmọ jù. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ooru ọ̀sán wa, bó bá ti tó wákàtí mélòó kan nínú abọ́, ẹ dà á nù, kí ó tó kan.

Ẹ tún bọ ẹyin adìẹ kan kó le dáadáa, ẹ fọ́ ọ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ẹ fi bí ṣíbí kékeré kan sí i ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì kó ìyókù kúrò kí wákàtí mẹ́ta tó pé. Àwọn kan máa ń rò pé ó burú kí ẹyẹ jẹ ẹyin. Kò burú. Ohun kan tó máa ń pa abo bọ́jì lákòókò ìyé ni kí èròjà tó ń ṣe èèpo ẹyin tán lára rẹ̀, kí ẹyin wá há sí i nídìí. Èèpo ẹyin tí ẹ bọ̀ tí ẹ sì gún kúnná, tàbí ìkarahun lílọ̀ tí àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ máa ń tà, ẹ máa fi sínú abọ́ kékeré kan nígbà gbogbo. Kárọ́ọ̀tì tí ẹ rin, ewédú díẹ̀, ewé tí ẹ fọ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ dára. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀tẹ̀, kí ó mọ níwọ̀n. Omi mímu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn: píà, tó pọ̀ ní agbègbè wa bí ìgbẹ́, ó ń pa ayékòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni obì, kọfí, ṣokoléètì, àti kòkó fúnra rẹ̀. Mo sọ ti kòkó nítorí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, mo sì mọ ilé tí wọ́n ti ń sá a sí ẹ̀yìnkùlé tí ẹyẹ ń fò kiri. Kò sí àlùbọ́sà, kò sí ohunkóhun tó níyọ̀, kò sí búrẹ́dì tí ẹ ń fún wọn torí pé wọ́n ń wo ẹnu yín.

Ẹyin méjì yẹn, ẹ má tíì dà wọ́n nù. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: ọjọ́ méjì-méjì ni ó fi yé wọn, nítorí náà ìkẹrin ti yẹ kó pa ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sẹ́yìn, ìkẹfà ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sẹ́yìn. Ti ìkẹrin ti parí. Ti ìkẹfà, ìrètí rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ gbé ẹyin sórí iná tọ́ọ̀ṣì kékeré. Bí ó bá mọ́ gaara, akọ ò bá abo pàdé nígbà tirẹ̀. Bí ó bá dúdú kìjikìji tí ẹ ò rí iṣan pupa, ọmọ wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti kú. Nínú ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, awọ inú ẹyin á gbẹ mọ́ ọmọ lára kó tó jáde. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún yé, ẹ gbé abọ́ omi tó fẹ̀ sínú kéèjì. Abo á máa wẹ̀ níbẹ̀, á sì máa gbé ọ̀rinrin padà sórí ẹyin fúnra rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi ẹyin sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí i ni pé àbígbẹ̀yìn máa ń rí i fara tì, wọn kì í jẹ́ kí ìyá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bó bá sán tàbí tó ń rùn, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi èékánná ṣí ẹyin kankan láti ran ọmọ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ti ń wo inú àpótí lójoojúmọ́ báyìí, ẹ wo ẹsẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá là sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ilẹ̀ àpótí ló ń yọ̀, tàbí ìyá tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí èròjà egungun ò tó. Bí ẹ bá tètè rí i, wọ́n lè so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ohun rírọ̀, á sì tọ́. Bó bá dàgbà tán, kò ní tọ́ mọ́. Ẹ bu igi fífá lọ́dọ̀ káfíńtà, èyí tó ká kóròkóró, kì í ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀ tó ń wọ imú, ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta síra, torí ìgbẹ́ ọmọ mẹ́rin pọ̀. Èyí tó bá gbẹ mọ́ ìka ẹsẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi rẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á. Ẹ tún wo abẹ́ àgógó òkè, bóyá oúnjẹ ti gbẹ síbẹ̀, torí ó máa ń jẹ́ kí àgógó yí bí wọ́n ti ń dàgbà. Orí igi ìtayín tí ẹ ti gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò tó láti yọ ọ́.

Nísinsìnyí, kíṣìnì. Ọ̀rọ̀ yìí ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé yín, ẹ sì sọ ọ́ bí ohun tí kò tó nǹkan. Ìkòkò àti páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí ó bá gbóná jù lórí iná, èéfín kan tí ẹ̀yin ò ní rí tí ẹ ò sì ní gbóòórùn ń jáde lára rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń pa ẹyẹ. Kì í ṣe bọ́jì nìkan. Ẹ fi kún un èéfín epo pupa tó ń jó, kẹrosíìnì, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọlé láti ojú fèrèsé, oògùn ẹ̀fọn tí a ń jó àti èyí tí a ń fọ́n. Ẹ wá ẹni kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé kéèjì náà lọ́sàn-án, kí ó má dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ sí igun pálọ̀ tí atẹ́gùn ò ti ń fẹ́ tààrà, tí oòrùn ò sì ti ń pa á. Wọn ò ní kọ ọmọ sílẹ̀ nítorí ìrìn yàrá sí yàrá. Ẹ gbé e lé orí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo omi, nítorí èèrà. Ìjàlọ tó bá rí ọmọ ẹyẹ ìhòòhò lóru kan, ẹ ò ní bá nǹkan kan nílẹ̀ lówùúrọ̀.

Èyí tó kù, kò le. Àkọ́bí ti la ojú báyìí, ojú wọn máa ń là ní nǹkan bí ọjọ́ 10. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹ́ á bò wọ́n. Àkókò yẹn ni kí ẹ ṣọ́ abo, nítorí bó bá fẹ́ tún yé, ó lè máa tu ìyẹ́ lẹ́yìn àwọn ọmọ kí wọ́n lè tètè jáde fún un. Bí ẹ bá rí ẹ̀yìn ọmọ tó pá, ẹ gbé abo sọ́tọ̀, ẹ fi àwọn ọmọ fún akọ. Ó lè dá wọn tọ́ láti ibẹ̀ lọ, òun náà ló sì ń parí ẹ̀kọ́ oúnjẹ jíjẹ fún wọn bí wọ́n bá ti jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 35. Ẹ̀yin rí i pé akọ tí màmá ní kí ẹ yọ ni ẹ máa padà gbára lé. Bí àbígbẹ̀yìn bá ti jáde, ẹ yọ àpótí kúrò nínú kéèjì. Ẹ má jẹ́ kó yé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Bí ẹ bá fi àpótí sílẹ̀, á máa yé títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ní ti ìlérí ọmọ yín: ẹ sọ fún un kó tọrọ sùúrù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, oṣù kan àti ààbọ̀ sí àsìkò yìí. Ọmọ bọ́jì kò yẹ kó kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tó ń jẹun fúnra rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀bùn yẹn kò lòdì sí òfin, kì í ṣe odídẹrẹ́ onírù pupa, tí òfin àgbáyé ti ka títa èyí tí wọ́n bá mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ láti 2017. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó mọ́ èèyàn lára, kò sídìí láti já a gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀, kí ọmọ yín máa gbé àkọ́bí sọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, lórí ijókòó, kì í ṣe lórí ìdúró. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì sọ pé akọ lòun fẹ́, ẹ má ṣèlérí ìyẹn. Ibi tí ihò imú wà lókè àgógó ló ń fi hàn, ó máa ń di búlúù lára ọ̀pọ̀ akọ, ó sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àmọ̀ lára abo, ṣùgbọ́n ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó hàn gbangba. Èyí tó kéré jù, ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bó bá yè, ọ̀dọ̀ yín ni kó wà pẹ̀lú bàbá rẹ̀.